Pétáà: agbára kékeré, ariwo ńlá

Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìró pétáà (bángà) kì í jẹ́ kí ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) sùn dáadáa mọ́. Àwọn ọmọdé á máa yìn ín lójú pópó, àwọn àgbà á máa bínú, ìbéèrè á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Báwo ni bébà tí kò gùn tó ìka ṣe ń dún bí ìbọn? Ṣé gáàsì ni wọ́n rọ sínú rẹ̀? Ṣé bọ́ǹbù ni? Èyí tí wọ́n ṣáná sí tí kò dún ńkọ́, ṣé ó ti kú pátápátá àbí ó ṣì lè dún?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu bẹ̀rẹ̀: agbára tó wà nínú pétáà kò tó nǹkan. Bí a bá wọn gààrí àti ẹ̀tù lọ́gbọọgba, agbára inú gààrí fi ìlọ́po márùn-ún ju ti ẹ̀tù lọ. Ohun tó ń sọ agbára kékeré yẹn di ariwo ni pé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí kò ti rí ọ̀nà gbà.

## Àwọn ọ̀rọ̀ wo la máa lò?

Pétáà ni bébà kíká tí wọ́n ko ẹ̀tù sí nínú, tí wọ́n dí lójú méjèèjì, tí òwú kan sì yọ lórí rẹ̀. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní bángà tàbí nọ́káọ́ùtù. Ẹ̀tù ni ìyẹ̀fun tó ń jó nínú rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ Kétu ń rọ sí ìbọn ṣakabùlà ni bàbá gbogbo wọn. Òwú ni okùn tí à ń ṣáná sí. Ẹ̀tù díẹ̀ ni wọ́n fi ra á lára, kí iná lè rọra gba inú rẹ̀ lọ, kí ẹni tó ṣáná sí i lè ráyè sá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí òwú náà má jó tán kí ìṣẹ́jú-àáyá 3 tó pé, kó má sì ju 9 lọ.

Gáàsì ni ohunkóhun tó bá rí bí afẹ́fẹ́, tí kì í dúró sójú kan, tó máa ń fẹ́ gba gbogbo àyè tó bá rí. Agbára ni ohun tó ń mú nǹkan gbóná, tó ń mú nǹkan rìn, tó ń mú nǹkan dún. Kílójúùlù la fi ń wọ̀n ọ́n. Kílójúùlù 1 kò pọ̀ rárá: òun ló máa gbà kí omi ife kan, ìyẹn ìdá mẹ́rin lítà, tó fi dígíríì kan péré gbóná sí i.

## Kí ló dé tí ọparun fi ń dún nínú iná?

Ohun tí kò ní ẹ̀tù nínú rárá ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná ìgbẹ́ bá dé ìdí ọparun, ìró á máa dún gbàù, gbàù, tí àlejò á fi rò pé ọdẹ ló ń yìnbọn. Kò sí ọdẹ níbẹ̀. Láàárín oríkèé kan sí èkejì, inú ọparun ṣófo, ó sì dí pa. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, omi díẹ̀ sì wà lára igi náà. Bí iná bá mú un, omi á di oru. Gíráàmù omi kan, tí kò ju nǹkan bí ogún ẹ̀kán lọ, á di oru tó tó lítà 1.7 tó bá hó tán. Kò sí àyè fún lítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ nínú ọparun, nítorí náà oru náà á máa ti ògiri rẹ̀. Ògiri á dúró, á dúró, títí tí kò fi ní lè dúró mọ́. Á là lójijì, oru á tú jáde, á gbá afẹ́fẹ́ ìta, gbígbá yẹn á sì rìn gba inú afẹ́fẹ́ dé etí wa. Ìyẹn ni ìró.

Àwọn ará Ṣáínà ti ń sun ọparun báyìí kó lè máa dún fún wọn nígbà ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tù. Àwọn náà ló wá ṣe ẹ̀tù ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, wọ́n kó o sínú ọparun, nígbà tó yá wọ́n fi bébà rọ́pò ọparun.

Nǹkan méjì péré ló mú ọparun dún, gáàsì tó pọ̀ sí i lójijì àti ibi tó dí. Pétáà náà fẹ́ nǹkan méjì yìí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé omi inú ọparun ń wá ooru láti ìta, omi ló sì tún jẹ́ lẹ́yìn tó di oru. Ẹ̀tù ń dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń di nǹkan mìíràn pátápátá.

## Kí ló wà nínú ẹ̀tù?

Ẹ̀tù dúdú ní nǹkan mẹ́ta nínú: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ sí nitrate de potassium. Èédú ló ń jó gan-an. Imí ọjọ́ náà ń jó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó tètè ń gbaná, ó sì ń ran ìyókù lọ́wọ́ láti gbaná. Iyọ̀ yẹn ní tirẹ̀ kì í jó. Síbẹ̀, òun ló pọ̀ jù, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Kí ni iyọ̀ tí kì í jó ń wá níbẹ̀? Ọ́síjìn ni. Iná kò lè jó láìsí ọ́síjìn, inú afẹ́fẹ́ ló sì ti ń rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ iná èédú: bí afẹ́fẹ́ tuntun kò bá dé ìdí èédú, iná á rọlẹ̀. Nínú ẹ̀tù, èédú kò retí afẹ́fẹ́ kankan. Ọ́síjìn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iyọ̀, wọ́n ti lọ̀ wọ́n pọ̀ kúnná. Nínú 100 gíráàmù iyọ̀ yìí, ó lé ní 47 gíráàmù tó jẹ́ ọ́síjìn. Lọ́nà mìíràn, ọ́síjìn tó wà nínú gíráàmù iyọ̀ kan ju èyí tó wà nínú lítà afẹ́fẹ́ kan àbọ̀ lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ pétáà tó ti ń jó, tàbí tí wọ́n da yanrìn bò ó, iná á kú bí iná igi ṣe ń kú. Kò ní kú. Fífi nǹkan bo iná máa ń pa á torí pé ó ń dínà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, pétáà kò sì nílò afẹ́fẹ́ wa. Bí iná òwú bá ti wọ inú rẹ̀, kódà kó bọ́ sínú omi, ó ṣì lè dún.

## Níbo ni ooru náà ti ń jáde?

Gbogbo nǹkan tó wà láyé ni a fi átọ̀mù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín, ṣe, àwọn átọ̀mù sì di ara wọn mú. Kí èèyàn tó lè já ìdè tó wà láàárín wọn, ó gbọ́dọ̀ ná agbára. Bí wọ́n bá tún so mọ́ ara wọn, agbára á jáde. Nínú iyọ̀ ẹ̀tù, ìdè tó so náítírójìn mọ́ ọ́síjìn kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá já a, náítírójìn á so mọ́ náítírójìn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ́síjìn á so mọ́ èédú, ìdè méjèèjì yìí sì le gan-an. Èyí tó jáde níbi tí wọ́n ti so pọ̀ ju èyí tí a ná níbi tí a ti já wọn lọ. Èlé tó kù yẹn ni ooru. Réaction exothermique ni àwọn olùkọ́ ń pè é nílé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ìdè tí a fẹ́ já kí èlé tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí páálí pétáà fi lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù púpọ̀ láìdún. Ẹyọ iná kékeré tó gba òwú wọlé ló ń san owó fún ìyẹ̀fun àkọ́kọ́. Ooru ìyẹn á san fún èyí tó kàn án, àwọn wọ̀nyẹn á san fún ọ̀pọ̀ mìíràn, títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ooru inú rẹ̀ lásìkò yẹn á tó nǹkan bíi dígíríì 2,000. Ní dígíríì 660, ìkòkò alumíníọ̀mù ti yọ́ di omi.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù ló ń di gáàsì. Nínú ẹ̀tù dúdú, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun líle ni yóò dà. Ìyẹ̀fun yẹn ni èéfín funfun tí a ń rí, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn ọdẹ. Ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin, nítorí náà ọdẹ tó bá yìnbọn tí kò fọ̀ ọ́ ń ba ìbọn ara rẹ̀ jẹ́. Gáàsì tó kù, bí a bá jẹ́ kó tutù, kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà lọ láti inú gíráàmù ẹ̀tù kan. Ṣùgbọ́n kò tutù nígbà tó ń jáde. Ooru ń mú kó fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Gáàsì tó ń wá àyè tó lítà méjì wá há sí ibi tí kò ju orí ìka lọ.

## Ṣé agbára náà pọ̀ ni?

Kò pọ̀. Gíráàmù ẹ̀tù dúdú kan ní nǹkan bíi kílójúùlù 3 nínú. TNT, tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù ogun, ní nǹkan bíi 4. Gààrí ní nǹkan bíi 15. Ẹsáǹsì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nínú ìgò, kpayo, lé ní 40.

Bí a bá sì da kílójúùlù 3 tó wà nínú gíráàmù ẹ̀tù kan yẹn sínú ife omi kan, omi náà á fi dígíríì mẹ́ta gbóná sí i. Kò ní ṣeé fi po ògì. Bí a bá fi tan gílóòbù wáàtì 10, á tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wá rò ó wò pé ohun tí gílóòbù ń ná fún ìṣẹ́jú márùn-ún jáde láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní àkókò kíún yẹn, iye tó ń jáde jẹ́ wáàtì mílíọ̀nù mẹ́ta. Gààrí ní tirẹ̀ ń gba wákàtí nínú ara kó tó tú agbára rẹ̀ sílẹ̀, torí ọ́síjìn tí a ń mí símú ló ń dúró dè.

Kpayo náà ń dúró de ọ́síjìn. Iná tó jó ilé ìpamọ́ ẹsáǹsì ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, tó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n, tú agbára tí pétáà kankan kò lè sún mọ́ sílẹ̀. Ohun tó mú kí ẹsáǹsì léwu ni pé ó ń di oru láìdúró, oru náà ń dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ó ń rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, iná tó sì wà lókèèrè lè mú un. Nítorí náà, kí ọmọdé máa yin pétáà nítòsí tábìlì ìgò kpayo jẹ́ ohun tí kò yẹ kí àgbà kankan máa wò níran.

## Kí ni iṣẹ́ bébà yẹn?

Bí ẹ̀tù dúdú díẹ̀ bá wà nílẹ̀ gbalasa tí iná kàn án, kò ní dún. Á kàn ṣe fùúù, iná á bù yẹ̀ẹ̀, èéfín á gòkè. Ẹ̀tù kan náà, nínú bébà tó ká dáadáa, á dún gbàmù. Bébà ń há gáàsì mọ́. Gáàsì tí a há mọ́ ń tẹ ìyẹ̀fun tó kù, ó ń gbé ooru lù ú, ìyẹ̀fun náà sì ń yára jó sí i. Bó ṣe ń yára tó ni gáàsì ń pọ̀ tó. Kí bébà tó ya, ìyẹ̀fun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán. Bí bébà tí wọ́n ká bá rọ̀ jù tàbí tí ìdí rẹ̀ kò dí dáadáa, gáàsì á yọ́ jáde níbẹ̀, pétáà á kàn máa tú iná bí ìtúfù.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá wá da agolo tòmátò bò ó, agolo á fò lọ sókè, torí òun ni gáàsì kọ́kọ́ rí tì. Inú wọn á dùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sórí ìgò, ọ̀rọ̀ á sì yí padà. Bébà tó ya rọ̀, kì í rìn jìnnà. Ìgò tó fọ́ di ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ tó ń fò. Agolo tí a dé pa náà kò yàtọ̀. Ọwọ́ ńkọ́? Pétáà tó dún lórí àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí sílẹ̀ á jó awọ. Èyí tó dún nínú ìkúùkù á ya ìka, torí pé ìka ló wá ń ṣe iṣẹ́ bébà.

## Ṣé ẹ̀tù dúdú náà ló wà nínú pétáà òde òní?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tó rí bí eérú, tó ń dán díẹ̀, alumíníọ̀mù lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ mìíràn tó ní ọ́síjìn púpọ̀. Alumíníọ̀mù kan náà tí a fi ń se ọbẹ̀ ni. Ìkòkò kì í gbaná torí pé ó nípọn, ooru ń tàn ká inú rẹ̀, awọ líle kan sì bo ara rẹ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, gbogbo ẹyọ rẹ̀ ló máa kan ọ́síjìn lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára tó ń tú sílẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì funfun débi tó ń mú ojú ṣú.

Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì. Láti 1976, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí pétáà tí aráàlú ń rà ní ju mílígíráàmù 50 irú ẹ̀tù yìí lọ. Ogún irú rẹ̀ ló máa pé gíráàmù kan. Àwọn ńláńlá tí wọ́n ń pè ní M-80 ní tó gíráàmù 3 nínú, ọgọ́ta ìlọ́po. Ẹni tó bá ra pétáà tí kò ní àkọlé kankan lára kò mọ èwo ló wà lọ́wọ́ òun nínú méjèèjì.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti àwọn ọmọ tó ń tú pétáà púpọ̀, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun wọn pọ̀. Wọ́n ti rí ẹ̀tù dúdú tó ṣe fùúù nílẹ̀, wọ́n rò pé èyí náà á ṣe fùúù. Irú èyí kò nílò bébà bó bá ti pọ̀ díẹ̀. Bó bá wà lókìtì, ó lè dún gbalasa. Kò sì nílò ìṣáná. Fífi nǹkan ha á lè tan án, iná mànàmáná kékeré tó ń ta pá-pá-pá lára aṣọ náílọ́ọ̀nù nígbà ọyẹ́ náà lè tan án.

Àwọn wẹ́wẹ́ tí ọmọdé ń sọ mọ́lẹ̀ tó ń dún "pá" yàtọ̀ ní tiwọn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fulminate d'argent ló wà nínú wọn, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù. Sísọ tí a sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ti tó owó ìdè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

## Ṣé bọ́ǹbù ni pétáà?

Nínú ẹ̀tù dúdú, iná ló ń ti ẹyọ kan kàn èkejì, kò sì yára tó ìró, tó ń rin 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Nínú TNT, ìgbì líle kan ló ń la inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi 6,900 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun kan bá yára tó bẹ́ẹ̀, kò ní gba ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu. Irú èyí kò nílò kí a há a mọ́ rárá kó tó wó ilé. Ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà ń lò ni ìjọba Ọ̀yọ́ sọ pé ó wà nílé kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, nígbà tí àdúgbò náà mì tìtì ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024. Ẹgbẹ̀rún pétáà kò lè ṣe èyí.

## Èyí tó kọ̀ tí kò dún ńkọ́?

Òun ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Òwú tó gba omi lè máa jó lábẹ́nú láìsí èéfín. Òwú tó ní ibi tí ẹ̀tù kò ti kàn án dáadáa lè dúró díẹ̀ kí iná tó fò kọjá. Ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀rinrin máa ń wọ páálí tí a kò dé dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ̀. Ọmọ tó bá sáré lọ gbé e, tó tẹjú mọ́ ọn láti wo ohun tó ṣe é, ojú rẹ̀ ló máa fi gbà á.

Ẹ má sún mọ́ ọn kí ìṣẹ́jú 20 tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ da omi lé e lórí, kí ẹ fi ọ̀pá gígùn tàbí ṣọ́bìrì tì í sínú korobá omi, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Omi ń yọ́ iyọ̀ inú ẹ̀tù dúdú, ó sì ń gba ooru tí ìyẹ̀fun ìbá fi gbaná. Ẹ má sá a sóòrùn kó lè gbẹ. Ẹ má tún ṣáná sí i. Ẹ má sọ ọ́ sínú iná ààtàn.

## Bó bá ti ṣèèyàn léṣe ńkọ́?

Awọ tó jóná: ẹ fi sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe omi dídì. Ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Epo pupa, òrí àti ọṣẹ ìfọyín ń há ooru mọ́ inú awọ ni, dókítà á sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò.

Etí: ariwo tó bá kọjá décibel (òṣùwọ̀n ariwo) 120 ti pọ̀ jù fún ọmọdé, 140 fún àgbàlagbà, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ. Irun wẹ́wẹ́ inú etí tó ń gbọ́ ìró kì í tún hù bó bá kú. Bí etí bá ń hó ju ọjọ́ kan lọ, ẹ lọ rí dókítà etí.

Ojú: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ra á, ẹ má fa ohunkóhun yọ, ẹ má kán oògùn sí i. Ẹ gé ìdí ife bébà, kí ẹ fi bo ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí CHUD, ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ní wéré. Nọ́ńbà àwọn panápaná ni 118.